Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Iná Iwájú Tó Mọ́lẹ̀ Dáadáa sí Jíìpù Àtijọ́

Ẹni tó bá ti wa jíìpù àtijọ́ gba ọ̀nà eléruku lóru á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ti tan iná, síbẹ̀ ẹ óò sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó bóyá ó tàn lóòótọ́. Ó tàn o, àmọ́ bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán ló rí. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sì dé ibi tí kòtò wà.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn èèyàn ni pé kóun lọ ra gílóòbù tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra oní-wáàtì 100, mo kì í bọ inú ilé iná tó wà níbẹ̀, inú mi sì dùn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Lọ́jọ́ karùn-ún ni mo gbọ́ òórùn ike tó ń jó. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo fa sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn iná apá òsì, ó ti yọ́ bí àbẹ́là, ọ̀kan nínú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ gílóòbù. Wáyà tó wọ ibẹ̀ ti gan. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ó kán.

Wáyà ló ń bá mi jà, kì í ṣe gílóòbù. Ìdí nìyẹn tí mo fi to iṣẹ́ yìí bí mo ṣe tò ó sísàlẹ̀: ẹ wọn iná ná, ẹ tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, ẹ wá pààrọ̀ iná fúnra rẹ̀, kí ẹ sì to ojú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fò sórí ríra iná, a óò jọ pàdé níbi wáyà.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà sọnù

Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù àtijọ́, iná máa ń kúrò lórí bátìrì, á gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á wọ súwíìsì tí awakọ̀ ń tẹ̀, á bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yí i sí dímù (iná tó wo ilẹ̀) tàbí fúùlù (iná tó ń tàn jìnnà), kó tó wá ṣẹ́rí padà síwájú. Gílóòbù H4, tó wọ́pọ̀ jù lára ọkọ̀ wọ̀nyí, ń jẹ wáàtì 60 lórí fúùlù àti 55 lórí dímù. Bí méjèèjì bá wà lórí fúùlù, wáàtì 120 nìyẹn, tí í ṣe nǹkan bí áńpíà mẹ́sàn-án, ojú súwíìsì kékeré kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ tuntun, ó gbé e. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí omi, eruku àti ìpẹtà ti wọ gbogbo oríkèé wáyà, fóòtì ń ṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìyà tí àìtó fóòtì fi ń jẹ gílóòbù onírin kò sì kéré. Bí fóòtì bá fi ìdá 10 nínú 100 dín, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń bá a lọ. Nígbà tí mo wọn ti tèmi, fóòtì 13.8 wà lórí bátìrì, 11.6 ló dé ẹ̀yìn iná. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé ìmọ́lẹ̀ tí mò ń rí kàn lé díẹ̀ ní ìdajì èyí tí ì bá tàn ká ní fóòtì náà dé pé.

Ẹ wọn ún kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Tẹ́sítà onínọ́ńbà ti tó. Ẹ yí i sí ibi fóòtì ti bátìrì, lórí 20. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná iwájú.

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu tẹ́sítà méjèèjì sórí bátìrì. Láàárín 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó wà. Bí kò bá tó 13, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti iná, bátìrì kò gba agbára dáadáa ni, ẹ lọ tún ìyẹn ṣe kí ẹ tó padà síbí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sẹ́yìn iná. Ẹ má yọ gílóòbù kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì o! Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: bí gílóòbù kò bá jẹ iná, wáyà tó ti jẹrà náà á gbé fóòtì tó pé wá, ẹ óò sì rò pé kò sí wàhálà. Ẹ fi ẹnu tẹ́sítà gún ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí iná ń tàn lọ́wọ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí sílẹ̀. Kí ẹ lè mọ apá ibi tí ó ti ń sọnù, ẹ fi ẹnu kan sórí pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ fi èkejì sí ibi tí iná ti ń wọ gílóòbù. Nọ́ńbà tó bá jáde ni fóòtì tó sọnù nígbà tí iná ń bọ̀. Ẹ ṣe bákan náà láti nẹ́gátíìfù bátìrì sí ibi ẹ́ẹ̀tì gílóòbù (ibi tí iná ń gbà padà lọ sí nẹ́gátíìfù), ìyẹn á sọ èyí tó sọnù nígbà tó ń padà lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ju 0.5 lọ, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ti ẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn kì í fẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ó sábà máa ń jẹ́ síkúrúù kan ṣoṣo tó ti dípẹtà lẹ́yìn ilé iná.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Japan, pàápàá àwọn Toyota Land Cruiser àtijọ́, wáyà ẹ́ẹ̀tì ni súwíìsì ń já, kì í ṣe ti pọ́sítíìfù. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná, ẹ wá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn gílóòbù, kí ẹ fi tẹ́sítà wo irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀, ẹnu kejì tẹ́sítà wà lórí nẹ́gátíìfù bátìrì. Bí iná bá ń ṣí láti irin kan sí òmíràn bí ẹ ṣe ń yí i láti dímù sí fúùlù, ti gbogbo ayé nìyẹn. Bó bá jẹ́ irin kan náà ni fóòtì 12 wà yálà lórí dímù tàbí fúùlù, ẹ́ẹ̀tì ni súwíìsì yín ń já. Ẹ sàmì sí irin tí gílóòbù fi ń ṣe àjọlò fún dímù àti fúùlù náà, a óò nílò rẹ̀.

Rìléè ni oògùn rẹ̀

Rìléè ń jẹ́ kí súwíìsì àtijọ́ di oníṣẹ́ ìránṣẹ́ lásán. Iná díẹ̀ ni súwíìsì á máa fi ránṣẹ́ sí rìléè, rìléè á wá gbé iná ńlá tààrà láti orí bátìrì lọ fún gílóòbù. Ẹ nílò méjì, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúùlù. Oní-áńpíà 30 tàbí 40 tó wọ́pọ̀ ti tó.

Ẹ wo ìdí rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 30 ni ibi tí iná ńlá ti ń wọlé láti bátìrì, 87 ni ibi tó ń gbà jáde lọ sí iná, 85 àti 86 ni ti okùn inú rẹ̀, ìyẹn wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lọ́ yíká, tí ń fa súwíìsì inú rẹ̀ pa dé. Bí ẹsẹ̀ karùn-ún bá wà tí wọ́n kọ 87a sí, ẹ fi rọ́bà bò ó, kò kàn wá. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lọ fi í ṣe 87, nítorí ìgbà tí rìléè bá sinmi ni 87a ń gbé iná: ẹ óò pa iná ọkọ̀, iná á sì tàn.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú nẹ́gátíìfù bátìrì kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fa wáyà méjì láti pọ́sítíìfù bátìrì, ọ̀kan fún rìléè kọ̀ọ̀kan, kí fíúsì áńpíà 15 sì wà lórí kálukú wọn. Àwọn kan máa ń fi fíúsì kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, èmi kò fara mọ́ ọn. Bí fíúsì yẹn bá jó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lóru, dímù lọ, fúùlù lọ. Ẹ jẹ́ kí fíúsì sún mọ́ bátìrì dáadáa, kó má jìnnà ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, nítorí kò sóhun tó ń dáàbò bo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì bó bá lọ ha mọ́ ara irin.

Wáyà tó nípọn tó 2.5 mm² ló kéré jù fún ibi tí iná ńlá ń gbà. 4 mm² ni mo fi ṣe ti bátìrì sí rìléè, kò sì sí ìgbà tí mo kábàámọ̀. Láti 87 ti rìléè àkọ́kọ́, ẹ fa wáyà lọ sí ibi dímù nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì. Láti 87 ti èkejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún fúùlù. Ẹ́ẹ̀tì iná kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ ní wáyà tó nípọn bákan náà, kó lọ síbi irin tí ẹ ti fi bébà yanrìn ha títí tó fi ń dán, tàbí kó padà lọ sórí nẹ́gátíìfù bátìrì. Ti bátìrì ni mo fẹ́ràn jù, ara ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń finú tán.

Ó wá ku 85 àti 86. Ìlànà kan ni mo ń tẹ̀ lé níbí tí kò já mi kulẹ̀ rí: okùn rìléè ni kí ẹ fi sí ibi tí gílóòbù wà tẹ́lẹ̀. Ẹ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti apá kan. Ẹ so 85 rìléè méjèèjì mọ́ irin àjọlò yẹn. Ẹ so 86 ti rìléè dímù mọ́ irin dímù, ti fúùlù mọ́ irin fúùlù. Yálà pọ́sítíìfù ni súwíìsì yín ń já tàbí ẹ́ẹ̀tì, rìléè á ṣiṣẹ́, nítorí okùn inú rẹ̀ kò bìkítà apá tí iná gbà wọlé. Àfi èyí tó bá ní dáyóòdù nínú, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná gbà ju apá kan lọ. Wọ́n máa ń ya àmì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tẹ̀ lé àwòrán yẹn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti apá kejì, ẹ fi téèpù wé e, kí ẹ dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń so orí wáyà, ríwáyà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Fún ọkọ̀ tí ń gba orí òkúta, mo fẹ́ kí wọ́n fi pìlíásì tó yẹ tẹ irin orí wáyà mọ́ ọn kó dì gbagidi, kí wọ́n wá fi rọ́bà tí ń súnkì bò ó. Wáyà tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì sí máa ń le níbi tí lẹ́ẹ̀dì parí sí, ibẹ̀ gan-an ni gbígbọ̀n ti ń ṣẹ́ ẹ. Lílọ́ wáyà pọ̀ kí wọ́n wá wé téèpù mọ́ ọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá.

Ẹ gbé rìléè sókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí omi odò tí ẹ bá là kọjá kò ní dé, kí ẹsẹ̀ wọn kọjú sísàlẹ̀ kí omi má bàa dúró níbẹ̀.

Ṣáájú kí ẹ tó ra iná kankan, ẹ dá gílóòbù àtijọ́ padà sára wáyà tuntun yìí, ẹ tan án lóru. Lẹ́yìn tí mo ṣe tèmi, gílóòbù wáàtì 60/55 lásán, fóòtì 13.4 ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo dúró níwájú ọkọ̀ mo ń wò ó bí ẹni pé mo gbé e jí. Àwọn míì tí ẹ bá dé ibí yìí, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, kí ẹ kàn fò sí ibi títo ojú iná.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n. Iná róbótó onínṣì méje ló wà lára Land Rover Defender, Jeep CJ, Wrangler TJ àti Land Cruiser FJ40. Jeep Wrangler YJ àti Cherokee XJ ń lo onígun mẹ́rin. Nítorí pé ìwọ̀n kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ṣe ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná tuntun tó bá ihò yẹn mu kò ṣòroó rí.

Bí èyí tó wà lára ọkọ̀ yín bá jẹ́ gíláàsì odindi tí kò sí gílóòbù tó ṣeé yọ lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tí òfin Amẹ́ríkà fi dandan lé láti ọkọ̀ ọdún 1940 títí di 1983 nìyẹn. Bó bá jó, odindi rẹ̀ ni wọ́n ń jù nù. Ọ̀nà méjì tó dára ló wà láti kúrò lórí rẹ̀.

Èkíní ni ilé iná gíláàsì tó ń gba gílóòbù H4. Kò wúwo lọ́wọ́, kò yan ọkọ̀, bí gílóòbù bá sì jó nínú igbó, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn sí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èkejì ni odindi ilé iná LED, tí wọ́n ṣe gíláàsì àti ojú ìtànná rẹ̀ fún LED láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń jẹ iná díẹ̀, ó sì ń pẹ́ lò. Kí ẹ tó rà á, ẹ wọn bí inú ihò iná ọkọ̀ yín ṣe jìn tó, torí irin tí ń gba ooru lẹ́yìn rẹ̀ máa ń yọ. Ẹ tún mọ̀ pé ojú LED kì í gbóná tó ti gílóòbù onírin: ibi tí yìnyín ti ń já bọ́, ó lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì láìyọ́. LED kò sì ní gbà kí ẹ yí pọ́sítíìfù àti ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ po. Ọkọ̀ tí súwíìsì rẹ̀ ń já ẹ́ẹ̀tì ì bá yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n wáyà tuntun wa ti yanjú ìyẹn.

Ohun tí mi ò ní bá yín fọwọ́ sí ni gílóòbù LED tí wọ́n ń kì bọ inú ilé iná H4. Nínú gílóòbù H4, irin tín-ín-rín méjì ló ń tàn, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ojú tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Abẹ́ irin dímù ní àwo kékeré kan tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta sókè sójú ẹni tó ń bọ̀. Bí ohun tí ń tàn bá fi ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ yẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri: iwájú ọkọ̀ á funfun gbòò, ọ̀ọ́kán á ṣókùnkùn, ẹni tó ń bọ̀ á sì máa ṣépè. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni òfin wọn kò gbà á, ẹ wo ti ibi tí ẹ ti ń wakọ̀.

Ẹ ka ojú gíláàsì. Lẹ́tà E tó wà nínú òbìrí túmọ̀ sí pé ó yege ìdánwò tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí. HCR ń sọ pé gílóòbù halogen (gílóòbù onírin bíi H4) ni, dímù wà, fúùlù wà. Ẹ wá wo ọfà. Bí kò bá sí ọfà kankan, iná náà wà fún ibi tí ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún. Ọfà kan tó kọjú sí ọ̀tún ẹni tó ń wò ó láti iwájú, ti ibi tí wọ́n ti ń gba apá òsì ni. Ọfà olórí méjì ṣeé yí sí apá méjèèjì. Ẹni tó bá ra èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, gbogbo bó ṣe wù kó tò ó tó, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò máa ta sí.

Ní ti àwọ̀, mo dúró lórí 4000 sí 5000 K (Kelvin, tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀; bó bá ṣe ga tó ló ń ṣe aró tó). Iná tó ń ṣe aró máa ń dára lójú níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Nínú eruku, bí ògiri funfun ló ń rí lójú mi.

Yíyọ àtijọ́, fífi tuntun sí

Kí ẹ tó tú síkúrúù kan, ẹ gbé ọkọ̀ dúró níwájú ògiri, ẹ tan dímù, ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé lára ògiri. Bí títò bá dàrú, ẹ ní ibi tí ẹ lè padà sí.

Ẹ yọ gírìlì tàbí òrùka iwájú. Síkúrúù kéékèèké mẹ́ta ló sábà máa ń di òrùka tó mú iná dání. Ẹ óò tún rí méjì míì tó tóbi jù, tó ní sípíríìngì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn yẹn ni a fi ń to ojú iná, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí àwọn kéékèèké bá ti dípẹtà, ẹ fi epo tí ń tú ìpẹtà rin wọ́n di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá kánjú á bẹ́ orí síkúrúù.

Gílóòbù H4 kò fẹ́ ọwọ́ lára gíláàsì rẹ̀. Òróró ìka yín á jó mọ́ ọn, ibẹ̀ á gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, kò sì ní pẹ́ bà jẹ́. Ibi irin ìdí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kàn án, ẹ fi ọtí sípíríìtì àti aṣọ mímọ́ nù ún. Ẹ dá rọ́bà ẹ̀yìn padà, kí ó wọlé yíká, torí ibẹ̀ ni eruku ń gbà bọ́ sínú ilé iná.

Títo ojú iná

Ilẹ̀ tó tẹ́jú, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, ẹrù tí ẹ sábà ń gbé, èèyàn kan lórí ìjókòó awakọ̀. Ẹ wọn mítà 10 láti ojú iná sí ògiri. Ẹ wọn gíga àárín iná láti ilẹ̀, ẹ fa ìlà sára ògiri ní gíga kan náà, ẹ wá fa òmíràn sí sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún fa ìlà òró tó dojú kọ àárín iná kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tan dímù, ẹ fi aṣọ bo iná kan fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ to èkejì. Ẹ yí síkúrúù òkè títí etí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bọ́ sórí ìlà ìsàlẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi gbé ibi tí etí náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá sórí ìlà òró. Apá tó gòkè yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀bá ọ̀nà, kì í ṣe sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí dímù H4 bá ti tọ́, fúùlù náà ti tọ́ nìyẹn.

Bí iná yín bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó sì ń fi 10 wálẹ̀ láàárín mítà 10, mítà 90 ni etí ìmọ́lẹ̀ á ti kan ilẹ̀. Jíìpù tí wọ́n ti gbé sókè pẹ̀lú sípíríìngì gígùn, tí iná rẹ̀ wá bá dígí ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré dọ́gba, èmi máa ń fi 15 wálẹ̀. Ẹ óò pàdánù díẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àmọ́ fúùlù wà fún ìyẹn níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn lọ́nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí iná tàn fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan fíúsì, rìléè àti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Èyí tó bá gbóná débi tí ẹ fi fa ọwọ́ yọ, orí wáyà rẹ̀ kò dì, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ tún wọn fóòtì bí ẹ ṣe wọn ún níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gba ọ̀nà olókùúta, ẹ padà síwájú ògiri yẹn, torí sípíríìngì síkúrúù àtijọ́ máa ń yọ̀. Tèmi fi bí ìka mẹ́ta wálẹ̀ lápá ọ̀tún lọ́jọ́ kìíní, láti ìgbà náà kò tíì yẹ̀ mọ́. Rìléè kan àti fíúsì mẹ́rin wà nínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù mi, mo fi rọ́bà so wọ́n pọ̀ mọ́ sukudiráfà kékeré tó bá síkúrúù òrùka yẹn mu.